Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Àròkọ lórí Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Òbí àti Olùkọ́ ní Ilé-Ìwé Àgùdà

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò gbé irú àkọlé kan yẹ̀ wò tí àwọn olùdánwò fẹ́ràn púpọ̀, ìyẹn ni àkọlé tí ó jẹ mọ́ ilé-ìwé àti àwọn ènìyàn tí ó yí i ká. Ó lè wá ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ó lè jẹ́ “Ìgbé-ayé ní ilé-ìwé mi.” Ó lè jẹ́ “Ipa tí ó yẹ kí òbí kó nínú ẹ̀kọ́ ọmọ.” Ó sì lè jẹ́ “Ìjọba nìkan ni ó yẹ kí ó máa bójú tó ilé-ìwé. Ǹjẹ́ o fara mọ́ ọn?” Bí o bá múra sílẹ̀ dáadáa fún ọ̀kan, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ múra sílẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ilé-ìwé ìjọ Kátólíìkì, èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní ilé-ìwé Àgùdà, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí tìrẹ kì í bá ṣe irú rẹ̀, má fòyà. Ohun tí a óò kọ́ yóò wúlò fún ọ, ìbáà ṣe ilé-ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti Ansar-Ud-Deen tàbí ti ìjọba ni o wà.

ÌBÉÈRÈ

“Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ.” Kọ àròkọ lórí bí òwe yìí ṣe rí ní ilé-ìwé rẹ.

KÍ NI ÌBÉÈRÈ NÁÀ Ń FẸ́?

Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì kí o tó mú bírò. Nǹkan mẹ́ta ni ó gbé e ró. Èkíní ni òwe fúnra rẹ̀. Òwe náà kò sọ pé òbí kò níṣẹ́ láti ṣe. Ohun tí ó ń sọ ni pé iṣẹ́ náà ju agbára ẹnì kan lọ. Èkejì ni “bí ó ṣe rí.” Olùdánwò kò ní kí o sọ bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Ó ní kí o fi ohun tí ojú rẹ rí àti ohun tí etí rẹ gbọ́ hàn án. Ẹ̀kẹta ni “ilé-ìwé rẹ.” Nítorí náà, àròkọ tí ó lè bá ilé-ìwé èyíkéyìí lórílẹ̀-èdè yìí mu kò tíì dáhùn ìbéèrè náà.

Bí o bá kọ ìwàásù, o ti ṣìnà. Bí o bá kọ ìtàn ìdásílẹ̀ ilé-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, o ti ṣìnà. Bí o bá fi ojú ìwé kan ààbọ̀ yin ọ̀gá ilé-ìwé, o ti ṣìnà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ O MỌ̀

Ẹni tí kò ní nǹkan nínú àpò kò lè ná an. Kí o tó kọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ó yẹ kí o mọ bí ilé-ìwé Àgùdà ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wa, kí o sì mọ ibi tí ìjà wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó ìjọ Kátólíìkì jọ ní Èkó kì í ṣe àlùfáà. Àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil tí wọ́n sì padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní Àgùdà, orúkọ náà sì mọ́ ìjọ wọn lára títí di òní. Ọ̀kan nínú wọn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Padre Anthony, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ní ọdún 1863, Fádà Borghero bẹ Èkó wò. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1856. Ọdún 1868 ni àlùfáà tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Kíyè sí ohun tí èyí ń kọ́ wa: àwọn ìdílé ti wà ní ìdúró kí àlùfáà tó dé bá wọn.

Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-ìwé girama bẹ̀rẹ̀. A dá St. Gregory’s College sílẹ̀ ní Ọbáléńdé ní Èkó ní 1928, St. Teresa’s College fún àwọn obìnrin ní Ìbàdàn ní 1932, Aquinas College ní Àkúrẹ́ ní 1951, àti Loyola College ní Ìbàdàn ní 1954.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1970 sí 1980, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní 1979, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ń ṣàkóso sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé girama pẹ̀lú. Nígbà tí ó di 2001, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dá díẹ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà padà fún àwọn ìjọ tí ó dá wọn sílẹ̀.

Ibi tí ìjà wà nìyí. Nígbà tí ìjọba gba ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ òbí sọ pé ó ti di ti ìjọba, wọ́n sì ká ọwọ́ wọn kúrò. Nígbà tí a dá a padà, owó ilé-ìwé padà dé, àwọn òbí tí kò lówó lọ́wọ́ sì ń béèrè bóyá ilẹ̀kùn náà ṣì ṣí fún ọmọ tiwọn. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn lásán. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni bóyá ọmọ kan yóò kàwé tàbí kò ní kà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Ní àtijọ́, ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ni ó ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá lọ sí ilé-ìwé ìjọ, yóò yí ẹ̀sìn padà. Ìbẹ̀rù yìí wà lára ohun tí ó mú kí a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kí àwọn Mùsùlùmí lè ní ilé-ìwé tiwọn. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 38, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kan láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti bá wọn ṣe ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ìjọ Kátólíìkì fúnra rẹ̀, nínú ìwé tí ìpàdé ńlá rẹ̀ ní Vatican gbé jáde lórí ẹ̀kọ́ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1965, sọ pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ. Nítorí náà, òbí tí ó wá béèrè ọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé kò yọjú sí ohun tí kò kàn án.

ÌLAPA ÈRÒ

Fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ìlapa èrò rẹ sí ẹ̀yìn ìwé. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

1. Ìfáárà: ohun kan tí a lè rí tàbí gbọ́ ní ilé-ìwé náà, tí ó fi hàn pé ti gbogbo ìlú ni.
2. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí àwọn òbí ń ṣe.
3. Ìṣòro kan tí ó dé, àti bí a ṣe bá a wọ̀jà.
4. Ọmọ kan tí ì bá sọnù.
5. Òbí tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀.
6. Ibi tí ó kù sí.
7. Ìgúnlẹ̀: ìtumọ̀ òwe náà lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ti sọ.

ÀRÒKỌ ÀPẸẸRẸ

Ẹnì Kan Ní Í Bímọ, Igba Ènìyàn Ní Í Tọ́ Ọ

Agogo ilé-ìwé wa kò kéré. Bí ó bá dún ní aago méjìlá ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ni ó ń gbọ́ ọ. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà a dìde dúró, a gba àdúrà ọ̀sán. Àwọn obìnrin tí ń ta gàrí ní ẹnu ọ̀nà a rẹ ohùn sílẹ̀ títí a ó fi ṣe é tán. Àwọn Mùsùlùmí àárín wọn a sì mọ̀ pé àkókò ìrun ọ̀sán ti ń súnmọ́. Ìjọ ni ó ra agogo náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé-ìwé náà rí.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí òbí kan kì í wá ṣe nǹkan ní ilé-ìwé wa. Bàbá kan tí wọ́n jẹ́ bíríkìlà ni wọ́n ń dí ihò ara ògiri. Ìyá kan tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì máa ń wá ní ẹ̀ẹ̀kan ní táàmù láti bá àwa ọmọbìnrin sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ ọdún ẹni mímọ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé, àwọn ìyá a ti dáná láti òru. Lẹ́yìn Mísà, a ó jẹ ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín lábẹ́ igi máńgòrò, olùkọ́, òbí àti ọmọ. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá àti ẹni tí kò gbé nǹkan wá ń jẹun nínú abọ́ kan náà.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ìjì líle ká òrùlé yàrá sáyẹ́ǹsì wa. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pe ìpàdé. Alága ní kí olúkúlùkù dá owó. Bí wọ́n ti dárúkọ iye rẹ̀, ariwo sọ. Bàbá kan ní, “Ilé-ìwé Fádà ni. Kí Fádà kàn án.” Òmíràn ní kí wọ́n kọ̀wé sí ìjọba. Ó kù díẹ̀ kí ìpàdé tú ká nígbà tí ìyá aláta kan dìde. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi kò ní owó tí alága wí yìí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi káfíńtà ni. Kì í ṣe ọmọ Fádà ni òjò ń pa nínú yàrá yẹn. Ọmọ tèmi wà níbẹ̀, ọmọ tiyín náà sì wà níbẹ̀.” Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá kan ní òun yóò fi ọkọ̀ òun kó pákó. Àwọn tí wọ́n lówó ra páànù àti ìṣó. Àwọn tí wọ́n lágbára wá ru ẹrù. Sátidé mẹ́ta ni a fi ṣe é. Bàbá tí wọ́n ní kí Fádà kàn án ni wọ́n di àkàbà mú.

Òrùlé ṣeé rí lójú, ṣùgbọ́n ọmọ lè jò kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan kú nígbà tí a wà ní kíláàsì karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn ni kò wá sí ilé-ìwé. Ní ọjọ́ kẹrin, olùkọ́ kíláàsì wa àti ìyá kan láti inú ẹgbẹ́ òbí lọ sí ilé wọn. Wọ́n bá ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù ọmọ náà, nítorí pé ẹnì kan ti ṣèlérí láti mú un lọ sí ìlú mìíràn kí ó lọ máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Olùkọ́ béèrè ìdí tí wọn kò fi wá sọ fún ilé-ìwé. Ìyá náà dáhùn pé, “Èmi kò mọ̀wé. Ojú ń tì mí láti jókòó láàárín yín.” Ìyá kejì di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ní, “Ìyá, èmi náà kò mọ̀wé. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ẹ ó máa jókòó.” Sístà tí ó jẹ́ ọ̀gá wa gbà kí wọ́n máa san owó náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sì fún ìyá náà ní ààyè láti máa ta àkàrà fún wa ní ìsinmi ọ̀sán. A kò kéde orúkọ wọn ní ìpàdé kankan. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi náà ni a jọ ń múra ìdánwò yìí.

Kì í ṣe ọmọ ìjọ nìkan ni ó wà láàárín wa. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí bàbá Mùsùlùmí kan wá, wọ́n dìde, wọ́n béèrè ní gbangba pé, “Sístà, ṣé ẹ ó fi agbára mú ọmọ mi lọ sí Mísà?” Àwọn kan kùn. Ṣùgbọ́n Sístà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n béèrè. Wọ́n ní ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fẹ́ kí ó lọ yóò wà ní yàrá ìkàwé pẹ̀lú olùkọ́ kan, a kò sì ní í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń ṣe é. Ní ọdún kejì, nígbà tí ẹgbẹ́ òbí ń wá ẹni tí kò ní í fi owó wọn ṣe màgòmágó, bàbá yìí kan náà ni wọ́n yàn ní akápò.

N kò sọ pé ohun gbogbo dán mọ́rán. Àwọn òbí kan wà tí a kì í rí àyàfi bí èsì ìdánwò bá burú. Àwọn kan ń wá bú olùkọ́ nítorí pé ó bá ọmọ wọn wí. Àwọn olùkọ́ kan pẹ̀lú ń ṣe bí ẹni pé òbí tí kò kàwé kò ní làákàyè. Ó pẹ́ tí a fi ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàdé, tí ìdajì àwọn tí wọ́n jókòó kò mọ ohun tí a ń sọ. Láti ìgbà tí a ti ń fi Yorùbá ṣe é ni àga kò tó mọ́ ní ìpàdé. Ó hàn gbangba pé àwọn òbí kò kọ ilé-ìwé sílẹ̀. Èdè ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Mo ti gbìyànjú láti ka igba ènìyàn tí òwe náà wí. Mo ka ìyá aláta, mo ka onípáànù, mo ka akápò, mo ka alákàrà. N kò tíì ka igba pé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí a bá yọ ẹyọ kan kúrò nínú wọn, ọmọ kan ni yóò fara gbá a.

ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

A mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ gùn ju ti ìdánwò lọ kí o lè rí oríṣiríṣi ọ̀nà. Nínú ìdánwò, yan mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn kókó wọ̀nyí, kí o sì tẹ̀ lé iye ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè bá sọ.

Ìpínrọ̀ kìíní kò sọ ìtumọ̀ ilé-ìwé tàbí ti òbí. Ohun kan ṣoṣo, agogo, ni ó mú, ó sì fi í sọ gbogbo ohun tí àròkọ náà ń bọ̀ wá sọ. Ìwọ náà wá agogo tìrẹ. Ó lè jẹ́ kànga, ó lè jẹ́ pápá ìṣeré, ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Ìpínrọ̀ kẹta ni ọkàn àròkọ náà. Wò ó pé kò sí ẹni tí ó ṣe ìwàásù níbẹ̀. Àríyànjiyàn wáyé, àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ọ̀rọ̀ sì yanjú. Bàbá tí wọ́n ń ṣàtakò kò pòórá lẹ́yìn ìpàdé. A tún rí wọn ní ìdí àkàbà. Ẹni tí o bá mú wọ inú àròkọ rẹ, má ṣe gbàgbé rẹ̀ sí ojú ọ̀nà.

Ìpínrọ̀ kẹrin fi ohun tí ó wà nínú ewu hàn. Bí olùkọ́ bá dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà ti lọ. Olùdánwò yóò rántí ìpínrọ̀ yìí ju ọgbọ̀n àròkọ tí ó sọ pé “ìfọwọ́sowọ́pọ̀ dára púpọ̀.”

Ìpínrọ̀ kẹfà sọ ibi tí ó kù sí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù láti ṣe èyí, wọ́n rò pé yóò ba àròkọ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ dídára nìkan, a kì í gbà á gbọ́ tán.

Kíyè sí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lo “wọ́n” fún gbogbo àgbàlagbà tí ó ń ṣe nǹkan, ìbáà ṣe Sístà, ìbáà ṣe aláta. Kò fi “wọ́n” fún ọ̀gá kí ó wá fi “ó” fún alákàrà. Èyí nìkan ti fi ìwà rẹ̀ hàn.

BÍ ÌBÉÈRÈ BÁ JẸ́ TI ALÁRÌÍYÀNJIYÀN

Àròkọ òkè yìí kò lo ọdún kankan, nítorí pé ìbéèrè kò béèrè ìtàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó máa bójú tó ilé-ìwé, ìgbà náà ni ìmọ̀ ìtàn rẹ yóò ṣiṣẹ́. Àpẹẹrẹ ìpínrọ̀ kan nìyí:

“Alátakò mi ní ìjọba nìkan ni ó lágbára rẹ̀. N kò sẹ́ pé ìjọba ti gbìyànjú. Bí kò bá sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ni kì bá tí fojú kan pátákó ìkọ̀wé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ lẹ́yìn 1970, ọ̀pọ̀ òbí ká ọwọ́ gbera, ilé-ìwé sì di ohun tí kò ní olówó. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà ní 2001, owó ilé-ìwé di ẹrù sí ọrùn òbí. Ìgbà méjèèjì ni ọmọ tálákà ń jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ni ilé-ìwé, bí òbí kò bá sí níbẹ̀, ọwọ́ kan ni a fi ń gbé ẹrù tí ó yẹ fún ọwọ́ méjì.”

Wò ó pé ó kọ́kọ́ gba ohun tí ó tọ́ nínú ọ̀rọ̀ alátakò kí ó tó fèsì. Ẹ̀tọ́ aláríyànjiyàn nìyẹn.

ÀṢÌṢE TÍ Ó WỌ́PỌ̀

1. Dída òwe jọ bí ẹni da yangan sílẹ̀. Òwe kan tí ó bọ́ sí àyè rẹ̀ sàn ju mẹ́wàá tí ó ń dí ara wọn lọ́nà. Inú ìbéèrè ni òwe kan ti wà tẹ́lẹ̀. Òun ni kí o tú.

2. Àìfi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. “Òbí” ni ó bí ọ. “Obì” ni a ń pa. Nínú àròkọ wa, ìyá aláta ní, “Ọkọ mi káfíńtà ni.” Bí o bá kọ ọ́ ní “ọkọ̀ mi,” o ti sọ mọ́tò di káfíńtà.

3. Dídárúkọ olùkọ́ tàbí òbí gidi láti bú u. Sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, fi orúkọ sílẹ̀.

4. Lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì níbi tí Yorùbá wà. Kọ “ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́,” kọ “akápò,” kọ “ọ̀gá ilé-ìwé.” Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti gbà bí tiwa, bí “páànù,” “káfíńtà” àti “nọ́ọ̀sì,” má ṣe wá èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ láti fi rọ́pò rẹ̀.

5. Ìgúnlẹ̀ tí ó tún gbogbo àròkọ sọ. Olùdánwò ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni, kò tíì gbàgbé.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Bi ìyá tàbí bàbá rẹ léèrè ohun kan tí òbí wọn ṣe fún ilé-ìwé wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Kọ ọ́ ní ìpínrọ̀ kan, kí o sì lo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bí ó ti yẹ.

2. Kọ lẹ́tà sí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé rẹ, kí o sọ ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n máa fi Yorùbá ṣe ìpàdé. Rántí pé lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni.

3. Kọ àròkọ onísọ̀rọ̀gbèsì láàárín òbí Mùsùlùmí kan àti ọ̀gá ilé-ìwé Àgùdà ní ọjọ́ tí a ń gba ọmọ wọlé. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì ní ẹ̀tọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn.

4. “Òbí tí kò bá san owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.” Kọ àròkọ láti fara mọ́ ọn tàbí láti takò ó. Lo ó kéré tán òtítọ́ ìtàn méjì láti inú ẹ̀kọ́ yìí.

Ṣe iṣẹ́ kìíní kí o tó ṣe àwọn yòókù. Ohun tí o bá gbọ́ lẹ́nu òbí rẹ ni kò sí ẹlòmíràn tí yóò kọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.